Awò Òòrùn Olówó Ńlá àti Ti Ọmọ Tí Ń Kiri

Àríyànjiyàn kan ń lọ láàárín wa ní Sábọ̀ngàrí: ṣé ó tọ́ kí ènìyàn kó owó ńlá lé awò òòrùn, nígbà tí ti ọmọ tí ń kiri wà ní owó pọ́ọ́kú?

Àwa tí ń tajà kì yóò tan ara wa. Orúkọ ni a ń fi èyí tí ó pọ̀ jù nínú owó náà rà. Ilé-iṣẹ́ Luxottica ti ilẹ̀ Ítálì ni ó ni Ray-Ban láti 1999. Òun kan náà ni ó ń ṣe awò tí a ń tà ní orúkọ Prada àti Chanel. Ní ọjà tiwa ẹ̀wẹ̀, ayédèrú pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí owó gọbọi kò fi lè jẹ́ ẹ̀rí ohunkóhun.

Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó fẹ́ràn ọ̀pọ̀ má tí ì rẹ́rìn-ín. Oríṣi ìtànṣán oòrùn kan wà tí ojú kò lè rí, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní UV. Ó wà nínú ohun tí ń fa ẹran tí ń hù láti igun ojú, àti kùrukùru tí ń bo ẹyinjú àgbà. Dídúdú awò kọ́ ni ó ń dá a dúró. Bí awò bá dúdú tí kò ní ìdènà UV, ọmọlójú yóò là sí i lábẹ́ rẹ̀, ìtànṣán náà yóò sì ráyè wọlé. Bẹ́ẹ̀ ni ìdènà yìí kò wọ́n: ike tí wọ́n ń pè ní polycarbonate ní in lára, awò pọ́ọ́kú tí ó jẹ́ UV400 lóòótọ́ sì ń dáàbò bo ojú bí ti olówó iyebíye.

Awakọ̀ nìkan ni a lè gbà fún pé kí ó fi owó kún un. Awò polarized ń dín dídán tí ń ta lójú ọ̀dà kù, ó sì dára l'ọ́nà Kánò sí Kàdúná. Òun kọ́ ni ìdènà UV o. Kí ó bèèrè méjèèjì.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti àwọn bàbá wa tí ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì, tí àwọn ọmọ ń ra awò dúdú olówó ńlá fún bí ẹni ra oògùn. Awò kò lè ká kùrukùru ojú kúrò. Iṣẹ́ abẹ ni. National Eye Centre wà ní Kàdúná níbí. Owó awò náà ì bá ti ṣe owó ọkọ̀.

Àwọn oníṣẹ́ awò ní ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń yẹ UV wò, kì í sì í pẹ́. A ó dá a lábàá ní ìpàdé tí ń bọ̀ pé kí ẹgbẹ́ pe ọ̀kan wá sí gbọ̀ngàn wa, kí olúkúlùkù mú awò tirẹ̀ dání, àti olówó ńlá àti pọ́ọ́kú.