Ẹ yé pe àwọn ọmọ wa ní ọ̀lẹ

Sí Olóòtú,

Mo ka àpilẹ̀kọ yín lórí ọ̀wọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ nídìí ilé kíkọ́, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti ní ọ̀lẹ ló pọ̀ nínú àwọn ọ̀dọ́ wa, pé kí àwọn tó ń kọ́lé kúkú máa kó bíríkìlà àti àwọn tó ń tẹ́ táìsì wá láti Kùtọnu àti Tógò. Bíríkìlà lèmi náà, mo ń kọ́ ọmọ níṣẹ́ n'Íbàdàn níbí. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dọ́kàn, mi ò sì gbà.

Ẹ wá sí sáìtì lówùúrọ̀ kẹ́ ẹ wá wo àwọn tí ẹ ń pè ní ọ̀lẹ. Alágbàṣe ọmọ ogún ọdún á máa ru kankéré gun àkàbà títí ilẹ̀ á fi ṣú. Kó tó lọ sílé, owó ọjọ́ rẹ̀ á ti tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ iṣẹ́ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ńkọ́? Ọdún mẹ́ta ló máa fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń na òwú kí ògiri má baà wọ́, bí wọ́n ṣe ń ka àwòrán ilé, àti ìdí tí omi ò fi gbọ́dọ̀ pọ̀ jù nínú kankéré. Owó oúnjẹ nìkan ló ń rí gbà. Òun ni yóò ra irinṣẹ́, òun náà ni yóò tún wá owó fúrídọ̀ọ̀mù. Bí bàbá rẹ̀ ò bá ní lọ́wọ́, tí ọ̀gá rẹ̀ sì ń dúró de owó tí kọngílá jẹ ẹ́, ta ni yóò bọ́ ọmọ náà? Bó bá di ọdún kejì, á kó irinṣẹ́ sílẹ̀, á lọ gun ọ̀kadà tàbí kó bá àwọn alágbàṣe lọ. Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ẹ ó rí i tó ń gbaṣẹ́ bí ọ̀gá, nítorí kò sí onílé tó ń béèrè ta ló kọ́ ọ.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Irú àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ parí bẹ́ẹ̀ ló máa ń da omi púpọ̀ sí kankéré kó lè rọrùn láti tẹ́; bí omi náà bá gbẹ tán, ihò wẹ́wẹ́ ló máa kù nínú rẹ̀. Wọn ò ní fi omi rin dẹ́kìn fún ọjọ́ méje tó yẹ. Nígbà tí ilé alájà 21 wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, lóṣù Kọkànlá ọdún 2021, tí ẹ̀mí tó lé ní 40 ṣòfò, ọ̀rọ̀ ẹnjiníà àti ìwé àṣẹ la gbé kalẹ̀. Ó yẹ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń béèrè ibi tí àwọn tó ń di irin, tó ń po kankéré ní àwọn sáìtì yòókù ti kọ́ṣẹ́?

Àwọn ará Tógò tí ẹ ń yìn mọṣẹ́ lóòótọ́. Lọ́dọ̀ wọn, ọmọ iṣẹ́ tó bá parí a máa ṣe ìdánwò, á sì gba ìwé ẹ̀rí. Àwa náà ní trade test onípele mẹ́ta ti ìjọba àpapọ̀, àmọ́ kọngílá kan ò bi mí rí bóyá mo ní i. Ká má tíì sọ ti ẹ̀rọ ìkọ́ṣẹ́ tí ìjọba kó lọ sílé ìwé nígbà tí ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 dé lọ́dún 1982, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ dípẹtà láìṣiṣẹ́.

Gbígbára lé àwọn àlejò náà ò sì lè pẹ́. Láti oṣù Kẹfà ọdún 2023 tí náírà ti já wálẹ̀, owó tí wọ́n ń gbà níbí ò tó nǹkan mọ́ bí wọ́n bá ṣẹ́ ẹ sí sẹ̀fá tí wọ́n ń ná nílé. Púpọ̀ nínú àwọn tí mo mọ̀ ti kó ẹrù wọn padà sílé.

Mo bẹ̀ yín, ẹ bá wa ké sí ìjọba ìpínlẹ̀ kí wọ́n má fọwọ́ sí ìwé àṣẹ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ńlá kankan, àfi bí kọngílá bá gba ọmọ iṣẹ́ tí yóò máa sanwó fún lóṣooṣù. Ẹ̀yin onílé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa san owó bíríkìlà lọ́jọ́ tó bá parí iṣẹ́. Owó yẹn la fi ń bọ́ ọmọ iṣẹ́.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Bíríkìlà kan, Ìbàdàn