Òrùka Irin Tí Ó Ń Ṣọ́ Ọ̀pá Ọkọ̀

Kò sí ẹni tí ó mọ ìtàn Lomé tí kò gbọ́ nípa àwọn Nana Benz, àwọn ìyálọ́jà aláṣọ ní ọjà Assigamé, tí ọrọ̀ wọn hàn lára ọkọ̀ Mercedes tí wọ́n ń gùn. Ní ìgbà tiwọn, àmì iyì ni ọkọ̀ ńlá. Lónìí, ọkọ̀ àlòkù ń gba èbúté Lomé wọlé, àwọn alágbára sì wà nínú wọn. Ọ̀dọ́ tí ó ra irú wọn kì í fẹ́ dúró lórí agbára tí ó bá lára ọkọ̀. Yóò fi turbo kún un, yóò pààrọ̀ táyà, yóò sì máa retí ọjọ́ tí yóò gbé e dé pápá ìsáré, bí irú Dakar Baobabs tí ó wà ní Senegal. A kò bá a jà. Ìbéèrè wa kò ju ẹyọ kan lọ: kí ni ó fi ṣọ́ abẹ́ ọkọ̀ náà?

Nínú ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà níwájú, tí ó sì jẹ́ pé ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ó ń tì í lọ, ọ̀pá irin gbọọrọ kan ni ó ń gbé agbára láti inú àpótí jíà lọ sí ẹ̀yìn. Faransé ń pè é ní arbre de transmission. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ọ̀pá ayípo. Ó ní oríkèé níwájú àti lẹ́yìn. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 6,000 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí jíà sì wà níbi tí ọ̀pá àti ẹ́ńjìnnì ti jọ ń yí bákan náà, ìgbà 100 ni ọ̀pá yìí ń yí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní jíà àkọ́kọ́, eré rẹ̀ dínkù, ṣùgbọ́n ipá tí ó ń lọ́ ọ pọ̀ sí i. Bí ẹ́ńjìnnì bá mú 500 Nm wá, tí jíà àkọ́kọ́ sì sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́ta, 1,500 Nm ni yóò dé ara ọ̀pá. Bí táyà bá sì di ilẹ̀ mú gírígírí, ipá náà kò ní ibi tí yóò sá sí. Oríkèé ni yóò forí fá a.

Bí oríkèé ẹ̀yìn bá já, ọ̀pá yóò máa na abẹ́ ọkọ̀ bí ẹni ń fi pàṣán nà án. Ó lè gé páìpù búréèkì, ó lè lu àgbá epo, ó sì lè la ilẹ̀ ọkọ̀ dé ibi tí awakọ̀ jókòó sí. Ti iwájú ni ó burú jù. Orí ọ̀pá yóò já bọ́ sílẹ̀, yóò gún ojú ọ̀nà nígbà tí ọkọ̀ ṣì ń sáré, ó sì lè gbé odindi ọkọ̀ sókè bí ìgbà tí ènìyàn fi igi ti ilẹ̀ láti fo kòtò.

Òrùka irin tí ó yí ọ̀pá náà ká ni ààbò rẹ̀. Ẹgbẹ́ NHRA, tí ó ń ṣètò ìje ọkọ̀ ojú ọ̀nà tààrà ní Amẹ́ríkà, ti fi ìwọ̀n rẹ̀ lélẹ̀: bí a bá fi irin pẹlẹbẹ ṣe é, kí ó nípọn tó 6.35 mm, kí ó fẹ̀ tó 50.8 mm, kí ó má sì jìnnà sí oríkèé iwájú ju nǹkan bí 152 mm lọ. Ara egungun ọkọ̀ ni a ń dè é mọ́, kì í ṣe ara páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. A ó fi àyè sílẹ̀ láàárín rẹ̀ àti ọ̀pá, kí wọ́n má baà kan ara wọn nígbà tí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ń lọ sókè sódò. Bí ọ̀pá bá jẹ́ alápá méjì, kí a ronú nípa apá kejì pẹ̀lú. Ọkọ̀ tí ẹsẹ̀ iwájú ń fà kò ní ọ̀pá gígùn yìí, kò sì nílò òrùka náà.

Ọ̀rọ̀ kò tán síbẹ̀. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹta ọdún 1970, ní pápá Lions ní California, àpótí jíà ọkọ̀ Don Garlits, ìlúmọ̀ọ́ká eléré ìje, fọ́ yángá nígbà tí ó gbéra. Ó gé ọkọ̀ sí méjì, ó sì gé lára ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. Garlits gbé ẹ́ńjìnnì lọ sí ẹ̀yìn awakọ̀ nínú ọkọ̀ tí ó ṣe lẹ́yìn náà, ó sì fi irú rẹ̀ borí ní Pomona ní 1971. Ẹ̀kọ́ tiwa ni pé ohun tí ń yí lẹ́bàá ẹsẹ̀ ènìyàn gbọ́dọ̀ ní ìbòrí. Volant, kẹ̀kẹ́ wíwúwo tí ó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì, lè fọ́ bí a bá yí i kọjá ohun tí a rọ ọ́ fún. Nítorí náà ni a ṣe ń fi ìbòrí irin líle tí ó bá ìlànà SFI 6.1 mu bò ó nínú ọkọ̀ ìje.

Àwọn baba wa mọ ọ̀pọ̀ Peugeot 504 tí ó kó èrò káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Inú páìpù irin ni ọ̀pá ayípo wọn wà láti ilé iṣẹ́ wá, bẹ́ẹ̀ agbára wọn kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọkọ̀ tí à ń sọ yìí.

Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ti wù kí ó lágbára tó, kò lè ṣọ́ ara rẹ̀. Ajórin tí ó mọṣẹ́ lè ṣe òrùka yìí nínú ṣọ́ọ̀bù ní Lomé, bí a bá fún un ní ìwọ̀n àti irin tó yẹ. Nítorí náà, kí owó òrùka àti ti oríkèé tuntun ṣáájú owó turbo. Kí a yọjú wo abẹ́ ọkọ̀ kí a tó wọ pápá àti lẹ́yìn tí a bá jáde. Kí a má sì sọ títì ìlú di pápá, nítorí òrùka lè mú ọ̀pá dúró, ṣùgbọ́n kò lè dáàbò bo ọmọ tí ń sọdá títì. Ògún ni ó ni irin, àwọn baba wa sì kọ́ wa pé a kì í fojú di ohun Ògún.