Ẹja Àpótí Dígí àti Ológbò Wa

Ọ̀rọ̀ ti ọ̀sẹ̀ yìí kan ológbò ilé wa, ẹni tí a fi ẹ̀sùn èké kàn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò èṣín ni ọmọ mi kejì bẹ̀ mí pé kí n bá òun ra ẹja sínú àpótí dígí tí ó wà ní yàrá ìgbàlejò wa ní Ìsarà. Nígbà tí iṣẹ́ ọ́fíìsì gbé mi lọ sí Èkó, mo ra mẹ́fà. Kò sí èyí tí ó gùn ju ìka ọwọ́ mi kékeré lọ nínú wọn. Wọ́n ń dán bí fàdákà, ìlà dúdú sì wà lára wọn. Òǹtajà sọ fún mi pé debauwi ni orúkọ wọn, ẹja ilẹ̀ Kóńgò. Kò tó oṣù mẹ́rin tí ọmọ náà fi wá bá mi: “Bàbá, ẹja mi ku mẹ́ta.” A kò rí òkú kankan. Ìyá àwọn ọmọ di ẹ̀bi náà ru ológbò, a sì lé e sí ilé ìdáná.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan mo gbé fìtílà, mo jókòó ti àpótí náà. Ẹja méjì ń rìn pọ̀. Ẹ̀kẹta ti tó ìlọ́po méjì wọn, ikùn rẹ̀ sì yọ. Ìgbà náà ni ó yé mi pé irú ẹja méjì ni mo rà lábẹ́ orúkọ kan, àti pé orúkọ náà pàápàá kì í ṣe ti èyíkéyìí nínú wọn.

Debauwi tòótọ́ ni Boulenger, onímọ̀ nípa ẹja ní Lọ́ńdọ̀nù, sọ lórúkọ ní ọdún 1900. Ẹja odò Kóńgò ni, ìlà kan ṣoṣo tí ó hàn gbangba ni ó sì gba àárín ìhà rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n èyí tí a ń tà jùlọ ní orúkọ rẹ̀ ni Pareutropius buffei, tí Gras ṣe àpèjúwe rẹ̀ ní 1961 láti ilẹ̀ Dàhòmì, tí ó ń jẹ́ Benin láti 1975. Ó wà nínú odò Ouémé níbẹ̀, ó sì wà nínú omi gúúsù Nàìjíríà. Ẹ wò ó, mo san owó àlejò lórí ọmọ ilé!

Ìbátan àrọ̀ ni, kò ní ìpẹ́. (Léfítíkù orí 11 kò fi àyè gba irú rẹ̀ fún àwọn ọmọ Ísírẹ́lì, ṣùgbọ́n a kò rà á fún ọbẹ̀.) Ìlà mẹ́ta ni ó ní: ọ̀kan lẹ́bàá ẹ̀yìn, ọ̀kan ní àárín ìhà, ọ̀kan nísàlẹ̀. Èyí tí ó wà nísàlẹ̀ a máa fẹ́ẹ́rẹ́, nítorí náà ìrù ni mo gbẹ́kẹ̀lé jù: ìrù náà là sí méjì, abala kọ̀ọ̀kan sì ní àmì dúdú gígùn. Bí ó bá dàgbà tán, nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 8 ni. Kì í jókòó sí ìsàlẹ̀ omi bí àrọ̀. Àárín omi ni ó ń wà, ìrù rẹ̀ a rẹlẹ̀ díẹ̀ ju orí rẹ̀ lọ, a sì máa mì láìsinmi. Ẹ má ra ẹyọ kan. Ẹja ọlọ́wọ̀ọ́ ni, mẹ́fà ni ó kéré jù. Bí ó bá dá wà, a fara pamọ́, kò sì ní jẹun.

Ẹlẹ́ṣẹ̀ tèmi jẹ́ ọmọ Schilbe, ẹbí kan náà. Bí ó ti kéré, ó jọ wọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n ó lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 30 lọ, ó sì ń jẹ ẹja. Ẹ wá àbàwọ́n dúdú kan lẹ́yìn orí rẹ̀, níbi tí èjìká ìbá wà.

Ife ni mo fi bù ú jáde, nítorí ẹ̀gún lẹbẹ rẹ̀ a máa há sínú àwọ̀n. Ó ti wà nínú àgbá omi lẹ́yìn ilé báyìí, ó ń jẹ ìdin ẹ̀fọn. Mo ti ra mẹ́rin mìíràn. Mo yẹ ìrù ọ̀kọ̀ọ̀kan wò kí n tó sanwó, òǹtajà sì ń kùn sí mi. Ológbò ti padà sí yàrá ìgbàlejò. Títí di òní, kò tíì sí ẹni tí ó bẹ̀ ẹ́.