Dialysis ní Cameroon: Owó ti wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ńkọ́?

Láti ọdún 2023, 15,000 owó CFA ni ẹni tó ń ṣe dialysis ní Cameroon ń san lọ́dún, dípò 5,000 ní gbogbo ìgbà tó bá lọ fọ ẹ̀jẹ̀. Ìtura gidi ni fún mẹ̀kúnnù bíi àwọn tó ń ta ẹja ní Youpwè, ní Douala.

Àmọ́ ẹ̀rọ kò lè ṣe gbogbo iṣẹ́ kídìnrín. Kídìnrín ló ń pèsè erythropoietin, họ́mọ́ọ̀nù tó ń jẹ́ kí ara ṣe ẹ̀jẹ̀. Tí àtọ̀gbẹ bá tún wà níbẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara kì í sábà sinmi. Èyí ń há èròjà iron mọ́ inú ara, abẹ́rẹ́ họ́mọ́ọ̀nù náà kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa.

Nítorí náà, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti abẹ́rẹ́ náà kò gbọdọ̀ kọjá agbára aláìsàn.