Olùkọ́ Ọlọ́rọ̀ Márùn-ún

Mo ti sọ ọ́ lójú ẹni tó ni ín, n ó sì tún un sọ níbí: ẹni tó bá há ọ̀rọ̀ sọ́mọ lórí, tó wá ní òun ń múra rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdíje ọ̀rọ̀ àìròtẹ́lẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ ló ń bà jẹ́. Mi ò ní "bóyá" kankan láti fi kún un.

Ohun tó bí mi nínú rèé. Lóṣù tó kọjá, wọ́n ní kí n wá bá wọn ṣe adájọ́ níbi ìdíje àwọn ọmọ girama. Ìlànà wọn ò lọ́jú pọ̀. Wọ́n ká ìbéèrè sínú abọ́, ọ̀rọ̀ tó ń lọ ní Nàìjíríà nìkan, kò kan ogun ilẹ̀ òkèèrè. Ọmọ á fa mẹ́ta, á mú ọ̀kan, á wọ yàrá kejì lọ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, á wá jáde sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú méje. Ẹni tó ṣètò rẹ̀ ní Amẹ́ríkà lòun ti wò ó, níbi tí ẹgbẹ́ kan ti wà láti 1925 fún àríyànjiyàn àti ọ̀rọ̀ sísọ àwọn ọmọ iléèwé. Mi ò rí aburú níbẹ̀. Bí aládùúgbò ẹni bá mọ ọbẹ̀ sè, a lè béèrè ohun tó fi sè é.

Ọmọkùnrin kan wá fa ìbéèrè iná mànàmáná: ṣé ó tọ́ kí àwọn tí wọ́n pè ní Band A máa sanwó iná ju àwọn tó kù lọ? Ìbéèrè tó lẹ́ran lára nìyẹn. Ní oṣù kẹrin 2024 ni wọ́n gbé owó iná àwọn Band A láti nǹkan bíi ₦68 lọ sí ₦225 lórí yúnìtì kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ó kéré tán, wọn yóò máa rí iná fún ogún wákàtí lójúmọ́. Nígbà náà, àwọn tó kù ń san iye àtijọ́, wọ́n sì ń jókòó sínú òkùnkùn àtijọ́. Ọmọ tó bá mọ èyí nìkan ti ní ohun tí yóò sọ.

Ọmọ wa jáde, ó fa táì rẹ̀ bọ̀ sípò, ó na ọwọ́ ọ̀tún sókè, ó ní ìwà ìbàjẹ́ ni kòkòrò tó ń jẹ obì Nàìjíríà láti inú. Ibẹ̀ ló wọlé sí, kò sì jáde mọ́. Ó sọ ti olóṣèlú, ó sọ ti ọlọ́pàá, ó sọ ti òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń jí síléètì. Nígbà tó di ìṣẹ́jú kẹrin, wọ́n mú iná lọ! Fáànù dúró, gbọ̀ngàn kùn yùn-ùn, ẹnì kan sáré lọ fa jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ti bá a kọ ìpínrọ̀ kan síbẹ̀, kó ṣáà kà á ni. Kò tilẹ̀ ṣẹ́jú. Ó ń bá kòkòrò inú obì rẹ̀ lọ. Ìgbà tó kù díẹ̀ kó parí ló rántí pé ìbéèrè wà, ó ní, "bẹ́ẹ̀ náà ni ti iná mànàmáná," ó tẹríba. Pàtẹ́wọ́ sọ. Àwọn adájọ́ méjì tó kù gbé e sípò kìíní.

Nígbà tí a lọ jẹ gúgúrú lẹ́yìn náà, olùkọ́ tó kọ́ ọmọ náà wá kí mi. Ó dọ̀bálẹ̀ dáadáa, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Mo béèrè ọ̀nà tó fi ń múra àwọn ọmọ rẹ̀ sílẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ni. Ìwà ìbàjẹ́, ètò ààbò, ètò ẹ̀kọ́, àìríṣẹ́ṣe àti ipa ọ̀dọ́ nínú ìdàgbàsókè. Èmi ni mo kọ wọ́n. Kí wọ́n ti há a sórí ni. Kò sí ìbéèrè kan ní Nàìjíríà yìí tí ọ̀kan nínú márùn-ún ò ní bá mu."

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí, ṣùgbọ́n inú bọ́ọ̀sì ni, lẹ́nu alágbo. Ìgò kan náà ń wo jẹ̀díjẹ̀dí, ó ń wo ẹ̀yìn ríro, ó ń wo ibà, bí o bá sì fi díẹ̀ bọ́jú, ọ̀gá ibi iṣẹ́ rẹ á máa rẹ́rìn-ín sí ọ. Èrò ọkọ̀ á rẹ́rìn-ín, ẹnì kan á rà á, alágbo á sọ̀ kalẹ̀. Ṣé irú rẹ̀ la fẹ́ gbé lọ síwájú pátákó ìkọ̀wé?

Mo ní kí n dán an wò. Mo ní, "Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, ìkànìyàn ńkọ́? Ọdún 2006 la kà gbẹ̀yìn. Èyí tí wọ́n ní àwọn fẹ́ kà ní 2023, wọ́n sún un síwájú. Nínú gbogbo ọmọ tó jókòó sí gbọ̀ngàn yìí, bóyá la fi rí ẹyọ kan tí ìjọba ti kà rí. Èwo nínú márùn-ún?" Ó ní ètò ẹ̀kọ́, nítorí ìṣirò wà nínú rẹ̀.

Mo ní ó dáa. "Orin orílẹ̀-èdè tí a tún padà sí ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún 2024, èyí tí a kọ láti 1960 títí di 1978 kí a tó pa á tì, èwo nínú márùn-ún?" Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní ipa ọ̀dọ́ ni, ṣebí àwọn ọ̀dọ́ ló ń kọ orin lórí ìlà láàárọ̀.

Mo wo ojú rẹ̀, bóyá àwàdà ló ń ṣe. Kò ṣe àwàdà.

Ó wá ta ọfà tó rò pé yóò pa mí. Ó ní ọ̀rọ̀ sísọ, ẹ̀bùn ni, pé àwọn Akíntọ́lá ayé ìjọ́un, ṣé ìwé ìròyìn ni wọ́n fi kọ́ wọn lọ́rọ̀ ni? Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ dì mọ́ ọn. Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, tí ẹnu rẹ̀ dùn ju oyin lọ, olóòtú ìwé ìròyìn Daily Service ni kó tó di olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn! Ọkùnrin tó ń ka ìròyìn gbogbo ìlú kó tó jáde, tó sì tún lọ kọ́ṣẹ́ agbẹjọ́rò lé e. Ṣé ẹni tó bá gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ sínú ni kò ní rí ọ̀rọ̀ sọ nígbà tó bá la ẹnu? Ẹnu dídùn àwọn àgbà yẹn ni olùkọ́ ọlọ́rọ̀ márùn-ún rí, kò rí àká tó wà lẹ́yìn ẹnu náà.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní mo ti ní ẹnì kan sínú tẹ́lẹ̀. Òótọ́ ni. Ní 1986, mo wà ní kíláàsì kẹrin, mo gun orí pèpéle irú ìdíje yìí. Ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni mo ti máa ń ka ìwé ìròyìn, èyí tó bá ti kà tán tí wọn ò tíì fi pọ́n àkàrà. Mo dáhùn ìbéèrè tí wọ́n bi mí. Ọmọkùnrin kan tó tẹ̀lé mi ka àkọ́sórí, ó sọ̀rọ̀ bí odídẹrẹ́ tó jẹ ata. Wọ́n fún un ní ìwé atúmọ̀ èdè ńlá, wọ́n fún mi ní tíréè oníke. Tíréè náà ṣì wà nílé mi títí dòní, òun ni mo fi ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n ní ọ̀rẹ́ mi odídẹrẹ́ yẹn ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń kọ ọ̀rọ̀ fún àwọn ọ̀gá kà. Kò yà mí lẹ́nu rárá.

Iléèwé tí mo wà nígbà yẹn kan náà ló ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ wa bí a bá sọ Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ Abẹ́òkúta ni ìwé ìròyìn àkọ́kọ́ ti jáde ní gbogbo ilẹ̀ tí a wá ń pè ní Nàìjíríà, ní 1859, èdè Yorùbá ni wọ́n sì fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ẹ fi òfin lé ọmọ kúrò nídìí ìròyìn tó lè yé e kíákíá, ẹ tún wá ń béèrè ìdí tí kò fi mọ ohun tó ń lọ nílùú. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Gbólóhùn kan ṣoṣo ni mo ní: ọ̀rọ̀ ni a kò gbọdọ̀ rò tẹ́lẹ̀, ọ̀ràn ni a gbọ́dọ̀ ti rò tẹ́lẹ̀. Olùkọ́ ọlọ́rọ̀ márùn-ún yí i po. Ó ro ọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ó fi ọ̀ràn sílẹ̀ fún ọjọ́ tí iná bá lọ.

Báwo la ṣe ń ro ọ̀ràn tẹ́lẹ̀? Ẹ ra ìwé àjákọ kan fún ọmọ. Ọ̀ràn kan, ojú ewé kan. Kó kọ ohun mẹ́rin síbẹ̀: ohun tó ṣẹlẹ̀ àti ọjọ́ rẹ̀, iye tó wà nídìí rẹ̀, ọwọ́ ta ni agbára rẹ̀ wà, ìjọba àpapọ̀ ni, ti ìpínlẹ̀ ni, tàbí ti ìbílẹ̀, àti ohun tí àwọn tó fẹ́ ẹ àti àwọn tó kọ̀ ọ́ ń wí. Ó parí. Ẹ wo owó oṣù tó kéré jù bí àpẹẹrẹ. ₦30,000 ni láti 2019. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje 2024, wọ́n fọwọ́ sí ₦70,000, wọ́n sì ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta ni kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò dípò márùn-ún. Ìwé òfin gbé ọ̀rọ̀ náà sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀. Àwọn gómìnà kan ní ó wúwo jù fún àpò àwọn, àwọn òṣìṣẹ́ ní kò tó ra àpò ìrẹsì kan. Bí ìbéèrè bá wá béèrè bóyá kí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa dá iye tirẹ̀, tàbí bóyá owó oṣù ló ń fa ọ̀wọ́ngógó ọjà, tàbí ìdí tí àwọn oníṣòwò kéékèèké kì í fi í san án, ojú ewé kan náà á gbọ́ gbogbo wọn. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìmọ̀ àti àkọ́sórí nìyẹn: àkọ́sórí ń wá ìbéèrè tó jọ ọ́, ìmọ̀ ń lọ pàdé èyí tó bá dé.

Lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ Ẹtì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ká ìbéèrè sínú fìlà. Fà á, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, dìde. Kí ọmọ lo ìṣẹ́jú márùn-ún láti mọ ohun tí ìbéèrè náà ń béèrè gan-an, nítorí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú. Mẹ́wàá fún yíyẹ ìwé àjákọ wò. Mẹ́wàá fún títo ìdí mẹ́ta tẹ̀léra. Márùn-ún tó kù, kó kọjú sí ògiri, kó sọ ọ́ síta. Bó bá sì débẹ̀, kó kọ́kọ́ dáhùn, bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó tó máa kí àwọn adájọ́ ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Ohun tí àǹtí fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tí kò ní ọjọ́, tí kò ní orúkọ ẹni tó sọ ọ́, kò gbọdọ̀ wọ inú ìwé náà.

Wọ́n á ní ìwé ìròyìn ti wọ́n. Ó wọ́n, mo gbà. Ṣé rédíò náà wọ́n? Ọmọbìnrin tó ṣe ipò kẹta lọ́jọ́ yẹn, ọ̀rọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ ló fa. Ohun àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu rẹ̀ ni pé ìdájọ́ nìkan kò lè tú ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀. Ó dárúkọ ọjọ́ 11 oṣù keje 2024 tí ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ 774 máa lọ sọ́wọ́ wọn tààrà. Ó wá béèrè pé bí gómìnà ló ń pinnu ẹni tó ń wọlé ìbò alága, ọ̀dọ̀ ta ni owó náà dé gan-an? Ó kólòlò lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo àjà. Àwọn adájọ́ ẹlẹgbẹ́ mi ní kò dán. Mo ní kí n wo ìwé rẹ̀. Lẹ́ẹ̀dì ló fi kọ gbogbo rẹ̀, ó ní láàárọ̀ kí òun tó lọ síléèwé, níbi tí bàbá òun ti ń lẹ táyà, rédíò kì í kú níbẹ̀. Òun ló yẹ kó gba ipò kìíní. Mo sọ ọ́ níbẹ̀, mo ń sọ ọ́ níbí, bí mo bá sì tún rí àwọn adájọ́ méjì yẹn lójà, n ó sọ ọ́.

Ìmọ̀ràn mi fún àwọn tó ń ṣètò kúrú: ọ̀rọ̀ tó bá lè dáhùn ìbéèrè mìíràn láìyí gbólóhùn kan padà, òdo ni kí ẹ fún un, ì báà dán bíi góòlù. Lọ́jọ́ tí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe bẹ́ẹ̀ ni ọjà alágbo á tú.

Mo rò pé mo ti borí olùkọ́ wa lọ́jọ́ náà. Ó dákẹ́, ó ń mi orí, ó ń wolẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ wọ ọkọ̀, ó sáré tọ̀ mí wá, ó tún dọ̀bálẹ̀. Ó ní gbogbo ohun tí mo sọ ló wọ òun lára, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni, àwọn ò mú ti iná mànàmáná lọ́kùn-únkúndùn rárá.

Ó ní, "Màmá, ẹ ṣáà bá wa kọ ìkẹfà."