Àjèjì Lójú, Ṣùgbọ́n Kò Fi Ríran: Ìbẹ̀wò sí Ilé-Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́

"Àjèjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran" jẹ́ òwe tí àwọn àgbà máa ń pa nígbà tí ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ìlú bá ṣi ẹsẹ̀ gbé, bóyá ó jókòó sórí àga tí kò tọ́ sí i, tàbí ó gba iwájú ojúbọ kọjá láìbọ́ bàtà. Bí òwe náà ti kúrú tó, ó pààlà sáàárín wíwò àti ríríran. Wíwò ni iṣẹ́ tí ojú ń dá ṣe; ríríran, ní ìtumọ̀ tí òwe yìí fún un, ni kí ẹni tí ó ń wò mọ orúkọ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀, kí ó mọ ẹni tí ó ni ín, kí ó sì mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ kí òun tó dé. Àjèjì kò fọ́jú, ìtàn ni kò ní lọ́wọ́. Nítorí náà, òwe náà kò dá àlejò nìkan lẹ́bi, ó gbé iṣẹ́ lé onílé lọ́wọ́ pẹ̀lú, nítorí pé bí àlejò bá wá tí ó sì padà lọ láìríran, onílé ni kò yá a lójú.

Ọ̀rọ̀ yìí hàn gbangba nínú ìrìn-àjò afẹ́, èyíinì ni ìrìn tí ènìyàn rìn láti wo ìlú onílùú, kì í ṣe láti tajà tàbí láti ṣiṣẹ́. Ní Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀pá Ọ̀rànmíyàn jẹ́ òkúta gbọọrọ kan tí ó ga ju mítà 5 lọ, tí a kan ìṣó irin tí ó lé ní 100 mọ́ lára. Ẹni tí ó ti rí ilé alájà ogún rí lè ya fọ́tò kan níbẹ̀ kí ó sì yíjú padà láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ṣùgbọ́n bí a bá sọ fún un pé ọ̀pá ẹni tí ìtàn sọ pé ó tẹ Ọ̀yọ́ dó, tí ó sì bí Ẹwẹka tí ó jọba ní Ìbìní, ni wọ́n ka òkúta náà sí, tí a sì bi í léèrè bí alágbẹ̀dẹ ayé àtijọ́ ṣe kan irin wọ inú òkúta líle láìfọ́ ọ, kò ní tètè kúrò níbẹ̀. Bákan náà ni odò Esìnmìrìn, tí àjèjì lè kà sí ìṣàn omi lásán. Ère Mọrèmi, akọni obìnrin inú ìtàn Ifẹ̀, tí wọ́n gbé kalẹ̀ ní ààfin Ọọ̀ni, ọba Ilé-Ifẹ̀, ní ọdún 2016 ga ní ẹsẹ̀ bàtà 42, òun sì ni ojú tètè ń rí. Bẹ́ẹ̀ sì ni ó jẹ́ pé etí odò kékeré yẹn ni ìtàn ti sọ pé Mọrèmi jẹ́ ẹ̀jẹ́ tí ó gba Olúorogbo ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ère ga, odò kéré, ṣùgbọ́n odò ni ó bí ère.

Kì í ṣe òpè nìkan ni òwe yìí ń bá wí. Leo Frobenius, ọ̀mọ̀wé ará Jámánì, dé Ilé-Ifẹ̀ ní ìparí ọdún 1910, ó sì rí orí bàbà tí a mọ̀ sí Orí Olókun. Ojú rẹ̀ mọ ọnà, ó mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá ni, síbẹ̀ ó kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn ará Atlantis, ìlú inú ìtàn àwọn Gíríìkì tí wọ́n ní òkun gbé mì, ni wọ́n gbé ọgbọ́n irú rẹ̀ wá, kò gbà pé baba ńlá àwọn tí ó dúró níwájú rẹ̀ ni ó mọ ọ́n. Ní ọdún 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agbo ilé Wúnmọ́níjẹ̀, nítòsí ààfin, ọ̀pọ̀ orí bàbà irú bẹ́ẹ̀ jáde láti inú ilẹ̀, ilẹ̀ Ifẹ̀ fúnra rẹ̀ sì dáhùn ọ̀rọ̀ náà.

Onílé náà lè lójú kí ó má fi ríran. Fún ìgbà pípẹ́ ni àwọn ènìyàn fi ń wú ìlẹ̀kẹ̀ nínú ilẹ̀ Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ láìmọ̀ pé ibi iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ń tẹ̀ mọ́lẹ̀, títí ìwádìí àwọn awalẹ̀pìtàn, èyíinì ni àwọn tí ń wa ilẹ̀ láti mọ ìtàn, tí Abídèmí Babalọlá wà lára wọn, fi hàn pé níbẹ̀ gan-an ni àwọn ará Ifẹ̀ ti ń yọ́ gíláàsì fúnra wọn nínú ìkòkò amọ̀, ní ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí òyìnbó tó dé. Òṣogbo, ìlú odò Ọ̀ṣun, fi ìhà kejì hàn. Susanne Wenger, ọmọ ilẹ̀ Austria tí ó dé Nàìjíríà ní ọdún 1950, kò gbójú lé ojú ara rẹ̀. Ó fi ara rẹ̀ sábẹ́ àwọn olórìṣà títí wọ́n fi ń pè é ní Àdùnní, ó sì bá àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú bí Adébísí Àkànjí ṣe àwọn ère igbó Ọ̀ṣun tí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo àgbáyé ní ọdún 2005. Àjèjì ni òun náà nígbà tí ó dé, ṣùgbọ́n ó tọrọ ojú, wọ́n sì yá a.

Mọdákẹ́kẹ́ ni ó nílò ẹ̀kọ́ yìí jù, nítorí pé kò ní òkúta olókìkí tí àlejò lè sáré wá wò. Ilé rẹ̀ àti ti Ilé-Ifẹ̀ fara kanra débi pé àjèjì lè bọ́ sínú ọ̀kan láti inú èkejì láìmọ̀. Etí tí ó gbọ́ Yorùbá dáadáa ni yóò mọ̀ pé ohùn ará Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń fọ̀ níbẹ̀, nítorí pé àwọn tí ogun lé kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé àti agbègbè rẹ̀ ni Ọọ̀ni Abéwéìlá fún ní ilẹ̀ ọ̀tọ̀ ní nǹkan bí ọdún 1847. Bí àlejò bá dé lásìkò kòkó, yóò rí kóró pupa rúsúrúsú tí wọ́n sá sí etí ọ̀nà, yóò sì kọjá lọ. Àgbẹ̀ ni ó lè mú un dé ibi tí wọ́n ti ń fọ́ kòkó, kí ó lá omi dídùn tí ó bo kóró tútù, kí ó rí bí wọ́n ṣe ń fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ bò ó fún nǹkan bí ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n tó sá a, kí ó sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan fún pọ̀ létí, nítorí pé dídún rẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ pé ó ti gbẹ. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó gbọ́ nípa ìṣákọ́lẹ̀, èyíinì ni ohun tí agbàlẹ̀-dáko ń san fún onílẹ̀, tí ó wà lára gbòǹgbò aáwọ̀ ìlú méjèèjì títí dé ìjà ọdún 1997 sí 2000.

Ọ̀rọ̀ náà "àjèjì" alára ti di ohun tí a fi ń ja ìjà ní agbègbè yìí, ṣùgbọ́n òwe kò béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ dé, ẹni tí ó ríran ni ó béèrè. Bí ọ̀dọ́ Ifẹ̀ àti ọ̀dọ́ Mọdákẹ́kẹ́ bá jọ kọ́ iṣẹ́ amọ̀nà, tí wọ́n jọ mú àlejò rìn láti Ẹnuwà ní Ilé-Ifẹ̀ títí dé ọ̀dọ̀ Ògúnṣùà, tí í ṣe ọba Mọdákẹ́kẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn yóò gbọ́ ohun tí kò mọ̀ nípa ilé ẹnìkejì. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí ó jáde ní ọdún 1921, kọ ọ́ pé igbe àwọn ẹyẹ àkọ̀ tí ó tẹ́ ìtẹ́ sórí igi ńlá kan nítòsí ibùdó tuntun náà ni ó di orúkọ ìlú. Àlejò tí wọ́n bá sọ èyí fún ní abẹ́ igi kò ní gbọ́ "Mọdákẹ́kẹ́" mọ́ láé láìgbọ́ igbe ẹyẹ nínú rẹ̀.