Dígí Balùwẹ̀: Ta Ni Ń Wo Ta Nígbà Tí Ilẹ̀ Bá Ṣú?

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ń retí kí n parí àlàyé tí mo bẹ̀rẹ̀ lórí gbólóhùn àkíyèsí alátẹnumọ́. Ẹ forí jì mí. Ìjà kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kọ́kọ́ jà, gíláàsì fèrèsé balùwẹ̀ ni ó sì dá a sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kí ó rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó bá ka ọ̀rọ̀ yìí tán, kí ó jáde síta lálẹ́ òní, kí ó wo fèrèsé balùwẹ̀ tirẹ̀ láti òde.

Ọ̀rá kan wà lórí àtẹ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ó ń dán gbinrin. Ohun tí àwọn tí ń tà á máa ń sọ ni pé: "Ẹ̀yin yóò máa rí wọn, wọn kò ní rí yín." Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Mo gbà á gbọ́, mo sanwó, wọ́n sì wá lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé mi ní ọ̀sán gangan. Mo bọ́ síta láti wò ó. Ojú ara mi àti igi máńgòrò tí ó wà lẹ́yìn mi ni mo rí. Inú mi dùn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, Màmá tí ilé wọn kọjú sí ẹ̀yìnkùlé wa pàdé mi lẹ́nu géètì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá Ìbùkún. Iná balùwẹ̀ yín yìí mà mọ́lẹ̀ o."

"A dúpẹ́, Mà."

"Ó mọ́lẹ̀ púpọ̀. Ẹ bá mi sọ fún Ìyá Ìbùkún pé mo ní ó mọ́lẹ̀."

Mo rò pé owó iná ni Màmá ń bá wa rò. Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ọlọ́mọ bí a ti í gbọ́ ohun tí ó wà lábẹ́ ọ̀rọ̀, n kò gbọ́ nǹkan kan! Ó di ọjọ́ kejì kí ó tó yé mi. Mo tan iná balùwẹ̀ sílẹ̀ láìsí ẹnikẹ́ni níbẹ̀, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọgbà Màmá, mo sì gbé ojú sókè. Mo rí kànìnkànìn lórí ìṣó. Mo rí ọṣẹ dúdú. Mo rí ife tí a ń ki búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín bọ̀, mo sì ka búrọ́ọ̀ṣì inú rẹ̀: mẹ́rin. Àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni a ti ń wẹ̀ níbẹ̀ láláalẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ ti rí. Ọ̀rá dídán yìí ń dá apá kan ìmọ́lẹ̀ padà, ó sì ń jẹ́ kí apá kan kọjá. Bákan náà ni ó ń ṣe é láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, nítorí kò mọ inú, kò sì mọ òde. Ẹni tí ó wà níbi tí ìmọ́lẹ̀ pọ̀ sí ni yóò máa rí ojú ara rẹ̀. Ẹni tí ó wà nínú òkùnkùn ni yóò máa rí ẹnì kejì. Ní ọ̀sán gangan, ìmọ́lẹ̀ oòrùn lè tó 100,000 lux níta, bẹ́ẹ̀ ni gílóòbù balùwẹ̀ kì í sábà ju 100 sí 300 lux lọ. Ìgbà náà ni ọ̀rá ń bò wá. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ìmọ́lẹ̀ òṣùpá àrànmọ́jú gan-an kò tó 1 lux, gílóòbù wa kò sì dín kù. Ẹni tí ń wẹ̀ yóò wo fèrèsé, yóò rí ara rẹ̀, ọkàn rẹ̀ yóò balẹ̀ pé ohun gbogbo wà ní ìbòmọ́lẹ̀. Ara ìta ni ó ń rí i kedere. Àfi ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ! Ìyẹn nìkan ni àkókò tí ọ̀rá náà ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lóru.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ èdè, ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀ kan níhìn-ín. Dígí fèrèsé lè fọ́. A sì ń wo ojú wa nínú dígí. Orúkọ kan náà ni a pe èyí tí a ń wò kọjá àti èyí tí ń fi wá hàn fún ara wa. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan fi èyí ṣe ẹ̀rí pé èdè wa kò kún tó. Ọ̀rá ọ̀hún ti dá wọn lóhùn. Ohun kan ṣoṣo ni ó jẹ́ méjèèjì, ibi tí a dúró sí àti àsìkò tí a wà ni yóò sì sọ èyí tí ó jẹ́ fún wa. Ìbá ṣe pé mo fi ọgbọ́n inú ọ̀rọ̀ náà rajà ni, n kò bá má ti jìn sí kòtò.

Àwọn oníṣòwò yóò ní àwọn kò purọ́. Òótọ́ ni, ìdajì òótọ́ ni wọ́n sọ. Ọ̀sán ni wọ́n ń ta ọjà náà, ọ̀sán ni wọ́n ń lẹ̀ ẹ́, ọ̀sán ni wọ́n ń fi ẹwà rẹ̀ hàn wá. Ìgbà wo ni àwa ń wẹ̀? Òṣìṣẹ́ ń wẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ó sì tún ń wẹ̀ nígbà tí ó bá ti ibi iṣẹ́ dé ní alẹ́. Ẹni tí ó bá ta agboòrùn fún mi tí kò sọ pé ó ń jò bí òjò bá rọ̀, kí ni kí n pè é?

Àwọn mìíràn a ní, "Ṣebí tíńtì ọkọ̀ ń ṣiṣẹ́?" Láti 1991 ni òfin ti wà ní Nàìjíríà lórí gíláàsì dúdú lára ọkọ̀, nítorí pé kì í jẹ́ kí a rí ẹni tí ó wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ máa ń ṣókùnkùn ju títì lọ. Ẹ tan iná inú ọkọ̀ náà lóru kí ẹ wá wò ó.

Àwọn kan sì ń sọ pé àṣà òyìnbó ni kí ènìyàn máa fi ara pamọ́ tó báyìí, pé àwọn baba wa kò ní gíláàsì. Lóòótọ́, wọn kò ní gíláàsì, ṣùgbọ́n wọ́n ní ọgbà. Wọ́n ń fi ẹní tàbí màrìwò ṣe é yíká ní ẹ̀yìnkùlé, ẹni tí ń bọ̀ a sì ké àgò kí ó tó yọjú. Ọgbà náà ń bo ara ní ọ̀sán, ó ń bò ó ní òru, kì í yí padà nígbà tí a bá tan fìtílà. Èyí ni ìwọ̀n tí mo fi ń wọn gbogbo gíláàsì báyìí.

Kí ni kí a wá lò? Gíláàsì tí ń tú ìmọ́lẹ̀ ká ni. Àwọn oníṣòwò ń pè é ní frosted. Èmi ń pè é ní gíláàsì kùrukùru. Iyanrìn tàbí ásíìdì ni wọ́n fi ń sọ ojú rẹ̀ di ṣákiṣàki, ìmọ́lẹ̀ a wọlé, àwòrán a dàrú, tọ̀sán tòru. Ẹ kàn ṣọ́ra fún omi: bí omi bá kún àwọn ihò wẹ́wẹ́ ojú rẹ̀, yóò tún fẹ́ máa hàn kedere. Nítorí náà, ojú ṣákiṣàki kò gbọdọ̀ kọ sí ibi tí omi ìwẹ̀ ń ta sí. Gíláàsì tí wọ́n tẹ ọnà sí lára jinlẹ̀ kò ní ìṣòro yìí tó bẹ́ẹ̀. Ayálégbé tí kò lè pààrọ̀ gíláàsì onílé lè ra ọ̀rá tí òun náà rí bí kùrukùru. Kí ó ṣáà yẹra fún èyí tí ń dán.

Gíga fèrèsé náà ṣe pàtàkì, nítorí gíláàsì kùrukùru ṣì ń fi òjìji ẹni tí ó bá súnmọ́ ọn hàn, lúfà tí a ṣí fún atẹ́gùn kò sì bo ẹnikẹ́ni. Àwọn ọmọ wa tí ń kọ́lé kún ilé ní England mọ èyí. Bí wọn kò bá fẹ́ tọrọ ìwé àṣẹ ọ̀tọ̀, òfin 2015 béèrè pé kí fèrèsé òkè tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ilé jẹ́ ti gíláàsì tí a kò lè wò kọjá, kí apá tí ó bá ṣeé ṣí sì ga ju mítà 1.7 lọ sí ilẹ̀ yàrá. Nílé níbí, mélòó nínú àwọn onílé wa ni ó ń bi kápẹ́ńtà ní ìbéèrè kan ṣoṣo lórí fèrèsé balùwẹ̀? Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Àwa ni a ń la ẹnu ògiri, tí a sì ń fi ọ̀rá bò ó.

Mo ti bó ọ̀rá náà dànù. Kí ẹ tó ra èyíkéyìí, ẹ ní kí ẹni tí ó wọṣọ dúró sínú balùwẹ̀ ní aago mẹ́jọ alẹ́, kí iná wà ní títàn, kí ẹ̀yin bọ́ síta. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèèrè la ti ń wò ó.

Mo padà lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ Màmá. Wọ́n ní àwọn kò rí nǹkan kan, pé iná ni àwọn sọ pé ó mọ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn ni ó bo ìdílé mi láṣìírí, owó tí mo san fún ọ̀rá kò sì bò wá.

Ó dìgbà kan ná. Ire o.